Ẹ̀rọ Tó Dúró Kò Tíì Kú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìfarapa Nígbà Tí A Bá Ń Tún Ẹ̀rọ Ṣe

Ọdún 22 ni mo fi ṣe iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré ní agbègbè Ìkẹjà, Ọ̀tà àti Àgbárá: ibi tí wọ́n ti ń ṣe ike, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe páálí. Nínú àwọn ìfarapa tí mo fi ojú ara mi rí, díẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á. Ìgbà tí a ń fọ̀ ọ́, tí a ń fi gíríìsì sí i, tí a ń yọ ohun tó há sí i lẹ́nu, tàbí tí a ń pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ṣẹlẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀gá wọn àti ẹbí àwọn tó farapa máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí iṣẹ́ náà ṣe kọ́ mi.

Irú ìjàǹbá wo gan-an là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ìjàǹbá tó ń dé bá ẹni tó sún mọ́ ẹ̀rọ láti tọ́jú rẹ̀ ni, yálà ẹ̀rọ náà ṣì ń yí lọ́wọ́ tàbí ó dúró tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó lè jẹ́ bẹ́líìtì ló fa ọwọ́ wọlé, ó lè jẹ́ gíà ló rún ìka, ó lè jẹ́ irin tó wúwo ló já lu ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ iná ló gbé ènìyàn. Ẹ má gbàgbé pé fífọ ẹ̀rọ wà lára ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò kà á sí iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé e fún ẹni tó kéré jù níbi iṣẹ́, tí kò sì sí ẹni tó fi hàn án rí ibi tí ewu wà.

Kí ló dé tí àtúnṣe fi léwu ju iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ ló ń ṣe é?

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ìbòrí rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹni tó ń lò ó sì dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé a ó ṣí ìbòrí yẹn, a ó sì ki ọwọ́ bọ ibi tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kò fẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn dé. Ìkánjú á tún dé sí i, nítorí iṣẹ́ ti dúró, oníbàárà ń pè, ọ̀gá ń wo aago. Bí àwọn méjì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹnì kan lè wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kí èkejì wà nídìí súwìṣì, kí wọ́n má sì rí ara wọn. Mo ti rí i tí ẹni tó wà nídìí súwìṣì kígbe pé “Ṣé kí n tàn án?”, tí ẹlòmíràn tí kò sí nídìí ẹ̀rọ náà rárá sì dá a lóhùn pé “Ó yá!”, nítorí ó rò pé òun ni wọ́n ń bi nípa nǹkan mìíràn. Ọlọ́run ló yọ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ mẹkáníìkì ń jẹ́ kó tètè rí ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dá irin dúró. Ní tòótọ́, ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún tí nǹkan kan kò ṣe é ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ jù, òun náà ni mo máa ń bẹ̀rù fún jù.

NEPA ti mú iná lọ, ẹ̀rọ sì ti dúró. Ṣé mi ò lè yára yọ ohun tó há sí i kí iná tó dé?

Ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ ka ìdáhùn kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ kà.

Mo wà ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan lọ́jọ́ kan láti wo bíárìn tó ń pariwo. Nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí fúláwà, èyí tó ní róólà irin méjì tó ń yí pàdé ara wọn, ọmọkùnrin kan wà tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Iná lọ. Gbogbo ilé dákẹ́ lójijì, bí ó ṣe máa ń rí, tí ènìyàn á wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Fúláwà díẹ̀ lẹ̀ mọ́ àárín róólà náà, ọmọ náà sì na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fi ìka họ ọ́ kúrò, ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Súwìṣì kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí i, ó sì ṣì wà ní títàn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń tan ara rẹ̀ ni wọ́n ní níbẹ̀. Láàárín àkókò tí ènìyàn lè fi ka ení dé ẹ̀wá, ó dún, iná dé, róólà gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ìka mẹ́ta ló lọ. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé kò tètè ké. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà, fúláwà funfun ṣì wà lára rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ohun tó fa á rèé. Bí súwìṣì bá wà ní títàn, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé iná lọ tàbí pé ó dé. Bí agbára bá ti kàn án lára, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó ti dúró. Sítátà kan wà tó ń lo òòfà iná, tó jẹ́ pé bí iná bá lọ, yóò já fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní yí mọ́ àfi bí ẹnì kan bá tún tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà lára gbogbo ẹ̀rọ tó lè fa ọwọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa ni rewáyà so mọ́ súwìṣì lásán tàbí mọ́ ṣéńjíófà tààrà, nítorí pé ó dín owó kù. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ nígbà márùn-ún lóòjọ́, ìgbà márùn-ún ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè jí láìsí ẹni tó jí i. Dídúró kọ́ ni kíkú.

Ká ní mo ti pa súwìṣì, mo sì ti yọ fíúsì. Agbára wo ló tún lè kù nínú ẹ̀rọ?

Ó lè kù púpọ̀. Ohun tó ń yí tó sì wúwo kì í dúró lójú ẹsẹ̀: bí a bá pa iná ayùn ńlá ní ilé ìlagi, ó lè ṣì máa yí fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ní pàtàkì nígbà tí kò ní búrékì, kò sì ní máa pariwo mọ́ tó fi jẹ́ pé ẹni tó kọjú sí ibòmíràn lè rò pé ó ti dúró. Afẹ́fẹ́ tí kọ́ḿpúrẹ́sọ̀ ti fún sínú páìpù ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè ti apá ẹ̀rọ síwájú pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ egungun. Òróró inú páìpù tó gbé nǹkan sókè ṣì ń gbé e. Bí ẹ bá tú páìpù rẹ̀, ohun tó gbé á wálẹ̀. Sípíríǹgì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń dúró de ẹni tó máa tú u. Kàpásítọ̀, ohun tó ń kó iná pamọ́, tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tọ̀ oníná máa ń di iná mú lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà, àwọn tó ṣe é sì sábà máa ń kọ iye ìṣẹ́jú tí a gbọ́dọ̀ fi dúró sí ara rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò ni ohun tó há fúnra rẹ̀. Bí igi, páálí tàbí irin bá há sáàárín róólà, ó ń di agbára mú bí ọrun tí a fà. Mo ti rí ẹni tó pa iná pátápátá, tó fi irin gún ohun tó há, tí róólà sì fò síwájú ìdajì ìyíká kan péré bí ohun náà ṣe jábọ́. Ìdajì yẹn ti tó láti tẹ ìka pẹ́rẹ́sẹ́. Nítorí náà, kí a tó yọ ohun tó há, a ní láti dẹ àárín róólà, kí a sì fi igi tàbí irin dè é kó má lè yí.

Báwo ni a ṣe ń ti ẹ̀rọ pa dáadáa?

Ètò kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri àgbáyé ń lò, tí a mọ̀ sí LOTO (Lockout/Tagout: títi agbára pa, síso páálí mọ́ ọn) lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ohun tó dúró lé kò ṣòro: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa wọ inú ẹ̀rọ ni kó mú kọ́kọ́rọ́ agbára ẹ̀rọ náà dání.

Ẹni tó fẹ́ ṣe àtúnṣe yóò kọ́kọ́ sọ fún gbogbo àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà. Yóò pa ẹ̀rọ náà bí a ṣe ń pa á lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí ibi tí agbára ti ń wọlé gan-an, kì í ṣe bọ́tìnnì orí ẹ̀rọ, yóò já a níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ń gba iná láti ojú méjì, NEPA àti jẹnẹrétọ̀, tàbí ínfátà pẹ̀lú, gbogbo wọn ni yóò já. Yóò fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, yóò sì so páálí pélébé mọ́ ọn tí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe wà lára rẹ̀. Àgádágodo tèmi pupa, orúkọ mi ni mo fi irin gbígbóná kọ sí i, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, inú àpò ṣòkòtò mi ló sì ń wà. Bí a bá pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kan, irin kan wà tó ní ihò mẹ́fà, kálukú yóò fi àgádágodo tirẹ̀ sí ihò kan, ẹ̀rọ kò sì ní lè tàn àfi ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá ṣí tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀gá kan ṣoṣo ti àgádágodo fún gbogbo yín.

Lẹ́yìn èyí ni yóò tú agbára tó kù dànù: afẹ́fẹ́, òróró, ooru, ohun tó wà lókè tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, tí àwọn tó ń kánjú máa ń fò, ni ìdánwò. Ẹ padà sí orí ẹ̀rọ, ẹ rí i pé kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì bí ẹni pé ẹ fẹ́ tàn án. Bí kò bá dáhùn, ẹ dá bọ́tìnnì padà sí pípa. Bó bá jẹ́ wáyà ni ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, ẹ fi mítà tí a fi ń dán iná wò wò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán mítà náà wò níbi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ sì tún dán an wò níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, nítorí mítà tó ti kú náà yóò sọ pé kò sí iná. Ní ìgbà mẹ́ta nínú iṣẹ́ mi ni mo tẹ bọ́tìnnì ìdánwò tí ẹ̀rọ tí mo ti tì pa sì yí. Súwìṣì tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ tèmi sí kì í ṣe tirẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kékeré ni tiwa, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá la ní. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá?

Ó kàn yín gan-an, ó sì rọrùn fún yín ju ilé iṣẹ́ ńlá lọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì yọ bẹ́líìtì kúrò pátápátá. Bí bẹ́líìtì kò bá sí láàárín ẹ́ńjìnnì àti ọlọ, kò sí ohun tó máa yí ọlọ náà. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróò, ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ̀lì tí wọ́n ń fi irin wín, ẹni tó ń tún un ṣe ni kó mú irin náà sọ́dọ̀. Bó bá jẹ́ oníná, ẹ yọ fíúsì, kí ẹ fi sápò. Owó tí àgádágodo lásán ń gbà lọ́jà kò tó owó mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ẹ sì ṣe ìbòrí fún bẹ́líìtì. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní ìgboro yín lè fi irin pẹlẹbẹ àti wáyà ṣe é ní ọjọ́ kan. Igi ni kí ẹ máa fi ti gbágùúdá tàbí ata wọlé, kì í ṣe ọwọ́. Ọmọdé kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an wá lọ ata, ẹ gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kò lè ṣe àfi kí ẹ̀rọ máa yí. Báwo la ó ṣe é?

Òótọ́ ni. A kò lè mọ̀ bóyá bẹ́líìtì ń sáré sí ẹ̀gbẹ́ kan bí kò bá yí, a kò sì lè gbọ́ bíárìn tó ti fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n wíwò àti gbígbọ́ kò béèrè pé kí ọwọ́ wọlé. Ẹ fi ìbòrí oníhò bò ó kí ojú lè ríran. Ẹ fa ọ̀nà gíríìsì jáde pẹ̀lú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ lè máa fi gíríìsì sí i láti ìta. Bí ẹ bá ní láti tún nǹkan ṣe, ẹ dá a dúró, ẹ tún un ṣe díẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ tàn án, ẹ wò ó. Ó ń gba àkókò. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ní bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á dúró bí ìka bá ti kúrò lórí rẹ̀. Bí tiyín bá ní in, ẹni tó wà nínú ewu ni kó di bọ́tìnnì náà mú fúnra rẹ̀.

Ṣé ìbọ̀wọ́ kò ní dáàbò bo ọwọ́ mi?

Nídìí ohun tó ń yí, ìbọ̀wọ́ ló máa ń fa ọwọ́ wọlé. Ẹ̀rọ á mú etí rẹ̀, á sì fa ìyókù. Bákan náà ni apá aṣọ tó gbòòrò, ìborùn, gèlè, irun tó gùn, òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ dára fún gbígbé irin tó mú, lẹ́yìn tí a ti ti ẹ̀rọ pa.

Àwọn ará ilé wa ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún nílé baba wa kì í fi ọwọ́ lásán mú irin gbígbóná. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń mú un, pẹ̀lú gbogbo ètùtù tí wọ́n ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ pé ayé ló ṣe é, kò sí ẹni tó máa lọ wo súwìṣì tó wà ní títàn mọ́, ẹlòmíràn á sì dé ìdí ẹ̀rọ yẹn lọ́la.

Ẹ̀rọ ti mú ọwọ́ ẹnì kan. Kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì já agbára rẹ̀ níbi tó ti ń wọlé. Kí ẹnì kan dúró síbẹ̀ kó má kúrò. Ẹ má fa ọwọ́ náà. Ẹ má sì yára yí ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, nítorí pé ó lè tún un gé. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà ni kó dẹ róólà tàbí kó gé bẹ́líìtì. Ẹlòmíràn á ti máa pe ìrànlọ́wọ́: 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, 767 náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gan-an, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa láìṣí i wò. Bí aṣọ bá rin, ẹ fi òmíràn lé e. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú yàà tí kò sì dáwọ́ dúró, ẹ fi aṣọ tó fẹ̀ di apá náà típẹ́típẹ́ lókè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé, ẹ kọ aago tí ẹ dì í, kí ẹ má sì tú u títí tí dókítà yóò fi rí i. Wáyà àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò dára fún un, wọn á gé ẹran. Ẹ má da kẹrosíìnì, ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tàbí ewé sí i. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ fi nǹkan bò ó, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀.

Bí ìka bá gé jábọ́ ńkọ́?

Ẹ wá a kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bọ́ sínú ẹ̀rọ. Bí ìdọ̀tí bá wà lára rẹ̀, ẹ rọra fi omi mímọ́ ṣàn án. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rin díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ di ẹnu ọ̀rá náà kí omi má lè wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé e sínú ọ̀rá mìíràn tó ní omi àti yìnyín. Ìka kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín náà, yìnyín máa ń pa ẹran ara. Omi inú ọ̀rá tó ti dì, èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìgboro, wúlò fún èyí. Ẹ kọ orúkọ àti aago sí ara ọ̀rá náà, kí òun àti ẹni tó farapa sì jọ lọ nínú ọkọ̀ kan náà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún egungun wà ní Ìgbóbì ní Èkó, ilé ìwòsàn UCH sì wà ní Ìbàdàn. Bí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín bá ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó wá, ẹ rán wọn létí pé Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kò gbà kí wọ́n kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ, ta ló sì máa sanwó?

Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹlẹ́rọ ní kí a bo apá ẹ̀rọ tó léwu, kí ìbòrí náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Ó tún ní kí ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí alábòójútó ìjọba lójú ẹsẹ̀ bí ìjàǹbá bá pa òṣìṣẹ́, tàbí bó bá mú kó pàdánù iṣẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ 3 lọ.

Ọ̀rọ̀ owó wà nínú Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àpò owó ìsanpadà náà, ń bójú tó. Ilé iṣẹ́ ló ń dá ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò náà, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹni tó farapa kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá òun ṣe àìbìkítà kó tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́: láàárín ọjọ́ 14 ni kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ ti sọ fún ilé iṣẹ́, láàárín ọjọ́ 7 ni kí ilé iṣẹ́ ti fi tó àjọ náà létí, láàárín ọdún 1 sì ni kí ìwé ìbéèrè owó ti wọlé. Bí òṣìṣẹ́ bá kú tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òfin ní kí wọ́n máa san ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ fún wọn lóṣooṣù.

Mo ti rí ẹbí tí ọ̀gá fún ní àpò ìrẹsì kan àti owó díẹ̀, tí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Kò burú kí a dúpẹ́ fún ìrẹsì. Àmọ́ ìrẹsì kọ́ ni ẹ̀tọ́ wọn, òfin yẹn kò sì gba òṣìṣẹ́ láàyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ náà.

Ọ̀gá mi ní kí n má pa ẹ̀rọ, kí n ṣáà yára. Ṣé mo lè kọ̀?

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 155 ti ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1994, àdéhùn náà sì ní kí a dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó kúrò nídìí ewu ńlá tó ti dé tán. Mo mọ̀ pé ìwé àti ọ̀gá tó ń bínú kì í ṣe ohun kan náà, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé kí wọ́n má sọ pé àwọn kò ṣe é. Ẹ sọ pé: “Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo ti ṣe tán láti ṣe é, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti iná pa ni.” Kí ẹ sì ti máa rìn lọ sídìí súwìṣì bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Lójú tèmi, ọ̀gá tó gbọ́ èyí tó sì tún ní kí ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ti sọ iye tí ọwọ́ yín jẹ́ lójú rẹ̀.

Òkè òkun ni mo wà, ilé iṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé òfin wọn yàtọ̀?

Ní Amẹ́ríkà, òfin OSHA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, lórí títi ẹ̀rọ pa jáde ní ọdún 1989, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1990. Ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ pèsè àgádágodo, kó sì kọ́ yín. Bí ẹ̀rọ bá gé ẹ̀yà ara òṣìṣẹ́, láàárín wákàtí 24 ni ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó OSHA létí. Ní Britain, òfin PUWER ti ọdún 1998, tó wà fún lílo ohun èlò iṣẹ́, ní kí a ṣe ìtọ́jú ẹ̀rọ nígbà tó bá wà ní pípa níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Bí ilé iṣẹ́ alágbàṣe ló gbé yín lọ síbẹ̀, ẹ béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹni tó máa fún yín ní àgádágodo. Àwọn tuntun máa ń tijú láti béèrè pẹ̀lú èdè tí kò tíì dán mọ́rán lẹ́nu wọn. Ẹ béèrè.

Bí ẹni tó ti àgádágodo bá ti lọ sílé ńkọ́?

Ẹ pè é. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ayùn gé e nítorí pé iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá rí i pè rárá, ọ̀gá tó wà nípò gbọ́dọ̀ rí i dájú pé onítọ̀hún kò sí nínú ọgbà ilé iṣẹ́, kó yẹ ẹ̀rọ náà wò yíká, kó sì rí i pé a sọ fún onítọ̀hún pé a ti yọ àgádágodo rẹ̀ kó tó tún fọwọ́ kan iṣẹ́.

Èmi náà gbàgbé tèmi lẹ́ẹ̀kan. Mo ti dé Sángó nígbà tí fóònù dún ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, a rí àgádágodo yín lára ẹ̀rọ kejì, ṣé ẹ wà nínú rẹ̀ ni?” Wọ́n ti fi tọ́ọ̀ṣì wá mi káàkiri, wọ́n wo abẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wọ mọ́tò padà, mo fi kọ́kọ́rọ́ inú àpò mi ṣí i. Iṣẹ́ ti dúró fún wákàtí kan àbọ̀, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó bá mi wí.